Ẹ̀rí Tí Mo Fi Sí Dàpọ̀ Lẹ́nu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ mi ò mọ̀. Pásítọ̀ wa ò mọ̀. Ọmọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ gbà pé apààyàn ni. Èmi nìkan ni ìyá náà máa gbà gbọ́ tí mo bá sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti sọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ìyá náà ń ṣàìsàn, ó sì ti ránṣẹ́ pè mí. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni èmi àti ọmọ rẹ̀ náà máa lọ bá a. Tí mo bá fi débẹ̀ láìtíì pinnu ohun tí mo máa sọ, mo mọ ara mi, irọ́ ni mo máa pa.

Ẹ má rò pé mò ń sunkún. Mi ò sunkún. Nǹkan ọ̀hún ti kú sí mi lára. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń ṣe irun fún àwọn oníbàárà mi, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Onídìrí ni mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Nígbà tí ọ̀kadà ṣì pọ̀ nígboro ju kẹ̀kẹ́ márúwá lọ, èmi ni mò ń darí àwọn tó ń ṣe ìjíhìnrere òpópónà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀sán Sátidé la máa ń jáde. A ó gbé jẹnẹrétọ̀ àti họ́ọ̀nù agbóhùnsókè sínú bọ́ọ̀sì, a ó di ìrẹsì sínú kúlà ńlá, a ó lọ bá àwọn ọmọ tó ń mugbó lẹ́yìn gáréèjì àti nínú àwọn ilé tí wọn ò kọ́ tán. Àwọn kan á ṣépè fún wa. Àwọn kan á jẹ ìrẹsì wa tán, wọ́n á ní àwọn ti gba Jésù láàárọ̀, ṣé ó ku ẹran. Èmi náà lẹ́nu. Màá sọ fún wọn pé Jésù tí wọ́n gbà láàárọ̀ yẹn ló ní kí n má fún wọn lẹ́ran. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á wá jókòó.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Dàpọ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà tẹ́lẹ̀, ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nítorí pé ọ̀gá yẹn ń lù ú, ló bá bọ́ sáàárín àwọn onígbó. Kò béèrè ẹran. Omi ló béèrè. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tí èèyàn bá bá a wí, ó máa ń wolẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáwọ́ nínú igbó, òótọ́ ni, kì í ṣe àbùmọ́. Mo mú un padà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì. Ìyá náà kúnlẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ dáadáa. Òun nìkan ló bí, bàbá rẹ̀ ti kú. Látìgbà náà Dàpọ̀ ló ń bá wa gbé jẹnẹrétọ̀, Mọ́mì ló sì ń pè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn jáde irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé orin kì í dá èrò dúró. Ìwàásù kì í dá wọn dúró. Ẹ̀rí ló ń dá wọn dúró. Ẹni tí Ọlọ́run ti yí padà máa gba máìkì, á sọ ohun tó ti ṣe láyé, á wá sọ bí Jésù ṣe mú un. Bí ohun tó ṣe bá ṣe burú tó ni èrò ṣe máa ń pọ̀ tó. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ń jáde bíi tiwa ní ọkùnrin kan tó ti fi ìbọn jalè rí. Tí ọkùnrin yẹn bá gba máìkì, ọlọ́kadà á pa iná ọ̀kadà rẹ̀. Nígbà tí Dàpọ̀ tiwa gba máìkì, ó ní òun mugbó, òun sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá òun, Jésù sì gba òun là. Ó parí. Obìnrin kan tó dúró ra gúgúrú gba gúgúrú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo rò pé àwọn ọkàn ń kọjá lọ nítorí pé ẹ̀rí wa ò lágbára. Mo sì ń jowú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà ò sí, mo pe Dàpọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó jókòó sórí àga tí mo fi ń ṣe irun. Mo tún ẹ̀rí rẹ̀ ṣe fún un bí mo ṣe máa ń fi àtáṣímẹ́ǹtì kún irun tó kúrú. Mo ní kó sọ pé òun ti ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Mo ní kó sọ pé òun àti àwọn kan dá ọlọ́kadà kan dúró lójú ọ̀nà Oǹdó, pé òun ló fi ọ̀bẹ gún un, pé wọ́n gbé ọ̀kadà rẹ̀ sá lọ.

Kì í ṣe pé mo dá a rò. Mo ti gbọ́ ọ nínú rédíò pé wọ́n pa ọlọ́kadà kan bẹ́ẹ̀, wọn ò sì rí ẹni tó ṣe é. Ó wà lọ́kàn mi, mo kàn mú un lò. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó kú yẹn ní èèyàn.

Dàpọ̀ bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?"

Mo ní irọ́ kọ́. Mo ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré níwájú Ọlọ́run. Mo ní ká ní Ọlọ́run ò mú un ni, ibi tí ì bá já sí náà nìyẹn, nítorí náà ohun tí Ọlọ́run yọ ọ́ nínú rẹ̀ ló ń sọ. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Tí ẹ bá ti ní kò burú, Mọ́mì." Mo mú un sọ ọ́ títí tó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo kọ́ ọ ní ibi tó ti máa dánu dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó pè wá pé ká wá bá wọn ṣe tiwọn. Oríta kan nítòsí ọjà la gbé họ́ọ̀nù kọ́ sí. Dàpọ̀ gba máìkì. Kò pẹ́ tí ọ̀nà fi dí. Àwọn ìyá ń sunkún. Àwọn ọmọ tó ń mugbó bọ́ síwájú, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n ń mu sílẹ̀ níwájú mi. Àwọn kan nínú wọn yí padà lóòótọ́, mo mọ̀ wọ́n títí dòní, ọ̀kan ti bímọ, ó sọ ọmọ náà ní orúkọ mi. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mo máa pe nǹkan tí mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà tí wọ́n pa wà láàárín èrò.

Kò pariwo. Ó dúró títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó wá bá mi, ó kí mi dáadáa, ó bi mí pé níbo ni ọmọ yẹn ń gbé ní Àkúrẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ kó wá bá àbúrò rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ ni. Mo júwe ilé fún un.

Nígbà tí ọlọ́pàá máa fi dé ilé ìyá Dàpọ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́kadà ti ṣáájú wọn débẹ̀. Wọ́n ti lù ú. Eyín rẹ̀ ti lọ níwájú. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé e kí wọ́n má baà pa á.

Wọ́n pe èmi náà sí tẹ́ṣàn. Ọlọ́pàá tó ń bi mí ní ìbéèrè ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá, pijin ló fi bi mí pé ṣé èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ohun tó sọ. Dàpọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n mú un jókòó sílẹ̀. Mo ní rárá, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Dàpọ̀ wò mí, kò wò mí pẹ́. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun fúnra òun lòun rò ó, pé òun kàn fẹ́ kí èèyàn dúró gbọ́ òun ni.

Ó pẹ́ ní àhámọ́. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fi í sílẹ̀. Àdúgbò ò gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tí ò ṣe nǹkan kì í dédé sọ pé òun ṣe é.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fún un ní àga, kò jókòó. Ó ní, "Sìsítà, ọmọ mi ní òun ò pa ẹnikẹ́ni. Ó ní irọ́ lòun pa nínú máìkì. Kí ló máa mú ọmọ èèyàn purọ́ ìpànìyàn mọ́ ara rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó sọ fún yín pé òun pa á?"

Ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀ jù. Ti àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ìtara ló gùn mí. Ti tẹ́ṣàn, mo lè sọ pé ẹ̀rù bà mí. Ti ọjọ́ yìí, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, èmi àti ìyá ni, ó sì ti fi ojú bẹ̀ mí pé kí n sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kéde orúkọ mi pé wọ́n fẹ́ fi mí jẹ díákónì obìnrin. Mo ní, "Ó sọ fún mi, mà."

Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi pa mọ́ fún mi." Ó sì lọ.

Látọjọ́ náà kò jẹ́ kí Dàpọ̀ wọlé rẹ̀ mọ́. Ó ní ọwọ́ tó gún ọmọ ọlọ́mọ ò ní bu oúnjẹ nínú ìkòkò òun. Dàpọ̀ kó lọ sí Ìlú-Àbò, ó ń bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ lóko. Ibẹ̀ ló wà títí dòní. Kò gbéyàwó. Ó ní ta ni òun máa mú lọ kí àna. Ìyá ní tirẹ̀ wá opó ọlọ́kadà náà rí l'Óǹdó, ó kúnlẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́. Ọdọọdún ló ń gbé iṣu lọ fún un. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo ru iṣu náà láti ibi tí ọkọ̀ já wa sí.

Ní báyìí rọpárọsẹ̀ ti mú un ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó ránṣẹ́ pè mí, mo lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kú láìsúre fún ọmọ òun. Ó ní òun ti ṣe tán láti dárí jì í, ó kàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ lójú òun. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tó bá wá dúró síta yẹn, irọ́ kan náà ló ń pa fún mi, pé òun ò ṣe é. Mi ò lè súre lórí irọ́, Sìsítà. Tiyín ló máa ń gbọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó sọ òótọ́, kó lè wọlé wá."

Mo ní màá bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Mo lọ sí Ìlú-Àbò. Mo bá a lórí ebè. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi nu ibi tí mo máa jókòó. Mo ti múra pé màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì sọ fún un pé mo fẹ́ lọ túúbá fún ìyá rẹ̀. Orí ohun tí ìyá sọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dé ibi tèmi tó fi dá mi lóhùn. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá rọrùn fún mi.

Ó ní, "Mọ́mì, tó bá jẹ́ ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé nìyẹn, màá sọ ọ́. Mo ṣì mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ ṣáà bá mi jókòó níbẹ̀, kí n má baà ṣì í sọ."

Ó yẹ kí n ní rárá. Mo ní, "Ọjọ́ Sátidé ni. Màá wá mú ẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ òótọ́, ìyá tí ara rẹ̀ ò le yìí máa gbọ́ pé òun lé ọmọ òun jáde lásán, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè pa á. Ẹ̀rù sì ń bà mí fún ara mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí mo bá dákẹ́, ọmọ yẹn máa wọlé, wọ́n máa dì mọ́ra wọn, ìyá á gbé ọwọ́ tó ṣì ṣeé gbé lé e lórí, á sì súre fún un gẹ́gẹ́ bí apààyàn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà dá mi lóhùn.

Dàpọ̀ pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí òun máa wọ̀. Ó ní ṣé ẹnu ìyá òun ṣì lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, kí òun mú un dání.