Bí Olúwa Ṣe Gbà Mí Nígbà Tí A Lọ Kọ́lé fún Àfíàví

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó mú arúgbó bíi tèmi kọjá bọ́dà, tó tún dá mi padà láìfẹsẹ̀ kọ. Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ o, ohùn mi kò lọ sókè mọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Fẹ́mi, ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà n'Íjerò, ti ṣáájú mi lọ sọ́run. Láti ìgbà náà ni oorun ti kọ̀ mí. Ìyá Adé, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, á gbé iyán wá, màá kàn máa wò ó ni. Bí mo bá fẹ́ sunkún, wọn á ní kí n dákẹ́. Mo dákẹ́ náà. Omijé bá gbẹ, àyà mi wá wúwo bí ọlọ.

Nígbà tí ìjọ fẹ́ rán èèyàn lọ sílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lọ kọ́lé fún àwọn tí omíyalé sọ di aláìnílé, Díákónì Òjó ní kí n tẹ̀ lé wọn lọ dáná. Mo ní, "Èmi arúgbó?" Káyọ̀dé bíríkìlà, ọmọ Ìdó-Ilé, bú sẹ́rìn-ín: "Yèyé, ìkòkò lẹ ó máa dì mú o, àfi tí ẹ bá fẹ́ gun orí ulé lọ kan páànù!" Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Àfíàví la ti bẹ̀rẹ̀. Opó ni. Omi ti wó ilé rẹ̀, abẹ́ tàpólì lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Pèrègún kan wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé níbi tiwa, a rí pèrègún, a rí ààlà ilẹ̀ nìyẹn. Káyọ̀dé kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó so okùn ìwọ̀n ilé mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Há! Àfíàví figbe ta! Ó sáré wá, ó jókòó sínú kòtò náà, ó lóun kò fẹ́ ilé mọ́. Pásítọ̀ Dòsú tó ń túmọ̀ èdè Ègùn fún wa ló ṣàlàyé pé orí sàréè ọmọ rẹ̀ ló gbin pèrègún náà sí.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò jáde. Díákónì ní kí á kó sìmẹ́ńtì lọ fún ìdílé mìíràn, torí àsìkò òjò ti ń bọ̀. Mo fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, mo lọ jókòó tì í nínú kòtò. Mo ní kí Pásítọ̀ bá mi bèèrè orúkọ ọmọ náà.

Ó gbójú sókè. "Kòfí."

Mo ní, "Tèmi ń jẹ́ Fẹ́mi." Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá, àwọn ọkùnrin ilé ló sin tèmi, n kò sì mọ ibẹ̀.

Ó ní, "Màmá, tí àárò rẹ̀ bá wá ń sọ yín, ibo lẹ ń lọ?"

Ẹ̀yin ará! Ẹkún ló gba ẹnu mi. Mo sun ún, mo sun ún, kò sẹ́ni tó pa mí lẹ́nu mọ́. Àfíàví fi etí ìró rẹ̀ nù mí lójú, òun náà ń sunkún. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn kúrò lára pèrègún, ó lọ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ níwájú: ó ní ibí ni kí wọ́n kọ́lé sí, kí fèrèsé kan sì kọjú sí Kòfí. Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nínú iyẹ̀pẹ̀.

Ọbẹ̀ ti jóná kí n tó padà. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà jẹ, mo tún bù sí i! Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a kan páànù tán kí àsìkò òjò tó dé. Àfíàví tẹ́ ẹní fún mi nínú yàrá tuntun, mo sùn lọ́sàn-án gangan bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí a délé, mo ní kí Bàbá Adé, àbúrò ọkọ mi, mú mi lọ sọ́dọ̀ Fẹ́mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, èèwọ̀ ni." Mo ní Ọlọ́run tí à ń sìn kò sọ ìfẹ́ ìyá di èèwọ̀. Ó mú mi lọ. Abẹ́ igi kòkó ni, ibẹ̀ tutù. Mo kí ọmọ mi, mo ròyìn Àfíàví fún un, mo ṣí oúnjẹ mi, mo jẹun níbẹ̀.

Ọlọ́run ló ṣe é! Ẹ̀yin tí ẹ lókun lẹ́sẹ̀, ẹ dìde, ẹ bá mi jó dé ibi tí ẹsẹ̀ tèmi kò lè dé.