Kókó Inú Ìfun Mi àti Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Ghana Fún Wa

Ẹ bá mi hó sí Olúwa! Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ hó jù bẹ́ẹ̀ lọ! Èmi Ìyá Bísí, aláṣọ ọjà Okaishie ní Accra, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọn ì bá sin mí sí. Ọlọ́run ní rárá!

Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde. Ó pẹ́ kí n tó sọ. Ojú ń tì mí. Nígbà tí mo dé ọsibítù, dókítà fi ọ̀pá oníná wo ìdí mi, ó ní kókó kékeré méjì ló hù sínú ìfun mi. "Wọn ò tíì burú, Maame. Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n kí wọ́n tó burú." Ó dá ọjọ́ fún mi.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ìjọba Ghana kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé wo? Cow Lane, ní Accra níbẹ̀, ni wọ́n bí mi sí! Bàbá Bísí, ọkọ mi, ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Ilé la ó ti tọ́jú rẹ̀." Mo ní, "Bàbá Bísí, ẹ máa di ẹrù. Mi ò ní gbé nǹkan yìí kọjá bọ́dà."

Mo padà sí ọsibítù o! Mo tilẹ̀ ń pàṣẹ fún dókítà. Tí àwa aláṣọ bá gé náílọ́ọ̀nù, iná la fi ń ra etí rẹ̀ kó má bàa tú. Mo ní, "Dókítà, iná ni kí ẹ fi jó o, kó lè dì pa." Ó ti mú wáyà iná lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Maame, ìgbà wo lẹ ń rìnrìn àjò?"

"Ọ̀túnla."

Dókítà gbé wáyà sílẹ̀. "Maame, ìfun kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Ibi tí iná bá jó máa ń gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èépá rẹ̀ lè ṣí lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀jẹ̀ wá máa dà. Iná sì lè jó wọnú jù. Kókó tó kéré báyìí, mo lè fi irin gé e láìsí iná. Ẹ̀jẹ̀ á jáde lónìí, níwájú mi, màá sì dá a dúró. Èwo lẹ fẹ́?"

Ẹ̀rù bà mí, ará! Ẹ̀jẹ̀ tí mo ń sá fún! Ṣùgbọ́n nínú lọ́rì, ta ni yóò dá a dúró fún mi? Mo ní, "Ẹ gé e. Ẹ̀jẹ̀ tó bá máa dà, kó dà níbi tí ẹ wà."

Ó dà! Nọ́ọ̀sì ń na òwú sí dókítà, òwú ń pọ́n. Mo ń pe Jésù. Jésù! Òwú tó tẹ̀lé e pọ́n díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní funfun. Ògo!

A wọ lọ́rì. Ọkọ̀ pọ̀, ènìyàn pọ̀, lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n gé kókó méjèèjì, ìgbà tí èépá iná ì bá ṣí, ẹnubodè la ṣì wà, ẹrù lórí. Oòrùn ń pa wá, kò sí dókítà, kò sí omi mímu pàápàá. Obìnrin kan ní, "Ìyá, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀." Mo ní kò rẹ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò kán! Títí dòní, kò kán!

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Ìwọ tí ò ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ojú ń tì, lọ sí ọsibítù lọ́la. Sọ gbogbo ẹ̀, ìrìn àjò rẹ pàápàá, kó o sì béèrè ohun tí kò bá yé ọ. Ọlọ́run ò ní já ọ kulẹ̀. Wọ́n lé mi ní Ghana, ará, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Ghana ni Ọlọ́run fi dá mi sí. Ẹ bá mi dúpẹ́ o!