Fáìlì Kan Tí Mẹ́ta Ń Lò

"Bàbá Àmínát, ẹ bá mi sọ fún Ṣùbòmí kó má tú fáìlì ńlá yẹn o. Òun ni ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò." Ọ̀rọ̀ tí Azeezah ìyàwó mi sọ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn. Kò dágbére. Kò pe orúkọ ọmọ. Orúkọ tìẹ ló pè, Ṣùbòmí, ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, ìwọ náà lo sì tú u!

Má sọ fún mi pé àtúnṣe ni. Àtúnṣe kẹ̀! Ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ìyàwó mi ṣe fún iléèwé Àǹtí Ìdíátù n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó: ìṣirò, ìwé kíkà, máàpù. Gbogbo àwòrán àti ohùn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò, ó kó wọn sínú fáìlì kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa fi í sórí kọ̀ǹpútà. Bí ètò kan bá ti gbé e sínú mẹ́mórì, àwọn yòókù á bá a níbẹ̀, wọ́n á jọ lò ó. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ó sì yé mi! Yàrá mẹ́fà ló wà nílé wa, ẹ̀rọ omi kan la ti ń pọnmi. Ta ló ní kí kálukú gbẹ́ kànga tiẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ohun tó o ṣe nìyẹn! O rí fáìlì tó dà bíi pé kò lẹ́ni tó ni ín, o ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, o di ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan mọ́ ètò kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà méjìlá, àlòkù ni gbogbo wọn, ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí? Lánàá Àǹtí Ìdíátù pè mí, wọ́n rò pé iná ló fà á, torí èmi ni mo fa iná sí yàrá yẹn. Mo ṣí ìṣirò, ó ṣí. Mo ṣí ìwé kíkà, kọ̀ǹpútà dákú. Àwọn ọmọ ń wò mí. Àǹtí ní bó bá fi di Jímọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn á kó gbogbo ẹ̀ jáde, àwọn á kó ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọdún méjì! Wàllàhí, Ṣùbòmí, o ò ṣe dáadáa.

Kí lo wí? O ní ìgbà wo ló sọ ọ́?

Fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo ní fi í sílẹ̀!

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje tó ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. O pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí i, mi ò gbé e. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán mi. Bí mo bá jẹ́ ẹ tán, kí ló kù tí màá tún ṣe fún un? Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ṣé o ò lè béèrè kó o tó fọwọ́ kàn án ni?

Jókòó. Dì í padà bí Azeezah ṣe dì í, kó tó di Jímọ̀. Èyí tóun fọwọ́ ara ẹ̀ dì wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ nílé. Mi ò tíì ṣí i. Mi ò tíì fọ ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò tíì sọ fún Àǹtí Ìdíátù pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà kú sí. Àmínát ń béèrè ohun tí ìyá ẹ̀ sọ kẹ́yìn. Mi ò tíì dá a lóhùn.