Jáàmù Dagenham, Orúkọ Plovdiv

Bùsọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe jáàmù ní Dagenham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Akínrẹ̀mí, tó jẹ́ fọ́mánù níbi tí wọ́n ti ń ṣe jáàmù ní Plovdiv, Bùlùgéríà.

[Ariwo ẹ̀rọ.]

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ìyàwó wa ńkọ́?

AKÍNRẸ̀MÍ: A dúpẹ́. Yára, Bùsọ́lá, àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró dè mí níwájú géètì—

BÙSỌ́LÁ: Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?

AKÍNRẸ̀MÍ: Kí wọ́n lọ sinmi nílé díẹ̀. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ra ilé iṣẹ́ wa fẹ́ kó ẹ̀rọ lọ tún ṣe. Lọ́rì ti dé.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ má sọ ọ́! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNRẸ̀MÍ: Ò ń break. Kí lo wí?

BÙSỌ́LÁ: Ẹ má sọ ọ́! Ṣebí àwọn òyìnbó yẹn náà ni ọ̀gá wa níbí? Láti àárọ̀ la ti ń lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ yín mọ́ jáàmù tiwa.

AKÍNRẸ̀MÍ: Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwa nìkan la mọ̀ ọ́n ṣe.

BÙSỌ́LÁ: Mo tọ́ ọ wò. Omi ṣúgà tí wọ́n da àwọ̀ pupa sí! Ó rí mi lára, mo tu ú dànù.

AKÍNRẸ̀MÍ: [Ó mí kanlẹ̀.] Ìjọba Kọ́múníìsì wó, ilé iṣẹ́ yìí ò wó. Wọ́n ṣí ọjà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tiwa ló ṣì ń tà jù.

BÙSỌ́LÁ: Ìdí tí wọ́n fi rà yín nìyẹn. Wọn ò lè bá yín du ọjà, ni wọ́n bá rà yín kí wọ́n lè pa yín.

AKÍNRẸ̀MÍ: Ọ̀gá wọn bá mi jẹun lánàá! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní my friend. Túèh! Ìríra gbáà!

[Ohùn ọkùnrin: “Busola! Line's running!”]

BÙSỌ́LÁ: One minute, Clement! Súpáfáísọ̀ mi nìyẹn, ó ní ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

AKÍNRẸ̀MÍ: Padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má lé ọ.

BÙSỌ́LÁ: Kí n tún lọ máa lẹ irọ́ mọ́ ìgò? Mo ti bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn sílẹ̀—

[Ẹ́ńjìnnì lọ́rì ń bú.]

BÙSỌ́LÁ: Ariwo kí nìyẹn?

AKÍNRẸ̀MÍ: Lọ́rì ti ń lọ! [Ó pariwo ní èdè Bùlùgéríà.] Mo ní kí Peter, ẹ̀ṣọ́ wa, ti géètì. Ẹ̀rọ kankan ò ní jáde níbí!

BÙSỌ́LÁ: Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́?

AKÍNRẸ̀MÍ: Wọ́n ti dí i lọ́nà! Ìyá arúgbó tó ń ṣa èso ti jókòó síwájú táyà—

BÙSỌ́LÁ: Ẹ rọra o! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNRẸ̀MÍ: Awakọ̀ náà ń fọn fèrè lé wa lórí. Kó tẹ̀ wá kọjá! Èmi náà ń lọ jókòó ti ìyá—

[Fóònù já.]