Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá wa, mo sì ní mẹkáníìkì ló pa á

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń bú mi lé lórí dáadáa ni, kó má baà sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Àpòmù. Fisíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gbà kí wọ́n rẹ́ mi jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá da yẹ̀pẹ̀ dí gọ́tà àdúgbò wa, màá kọ̀wé. Bí akọ̀wé bá ṣi orúkọ mi kọ, màá kọ̀wé, màá sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo ti ń fi ẹ̀sùn kan gbogbo ayé báyìí. Ẹni kan ṣoṣo tí n kò tíì kọ̀wé ẹ̀sùn lé lórí ni èmi fúnra mi.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Múfú, wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní tiwọn, lọ́rì ògbólógbòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kú lọ. Ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń rú èéfín, bí ẹrù bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gun òkè mọ́.

Wọn ò tilẹ̀ mu omi tí ìyàwó mi gbé wá. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ni àbí kí n tún un ṣe? Ìwọ lo kàwé nínú wa. Èyí tí o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe." Kí n tó lanu, wọ́n nàka sí mi. "Àmọ́ má dárúkọ Bàbá Jídé fún mi o! Mẹkáníìkì yẹn ti pa mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni èèyàn ń kú?"

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n ronú. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán lọ́sẹ̀ yìí, Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ, wọ́n fẹ́ lọ ra ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn.

Lọ́rì tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ni Bọ̀dá Múfú fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Àpòmù lọ sí Ìbàdàn. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí èyí tí mo wí yìí gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ní rárá, àtúnṣe ló yẹ. Bàbá Jídé, mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ara ẹ́ńjìnnì yìí ṣì le. Rìǹgì inú rẹ̀ ló jẹ tán. Tókúnbọ̀ tí o fẹ́ lọ rà yẹn, ṣé o mọ ohun tó mú ẹni tó ni ín tà á?"

Bọ̀dá Múfú rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀. Ó dáa, ẹ tún un ṣe."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá Jídé fi tú u, tí wọ́n sì fi tò ó padà. Mo máa ń yà síbẹ̀ bí mo bá ti kúrò nílé-ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí: n kò rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Bọ̀dá Múfú kò sí nílé. Ìyá ìyàwó wọn ló kú ní Ìkirè-Ilé, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni mo lọ gba ọkọ̀. Bàbá Jídé mú kọ́kọ́rọ́ dání, wọn ò tíì fi lé mi lọ́wọ́.

"Tíṣà, mú bíírò. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àbọ̀ ẹrù ni kó máa gbé. Kó má sáré. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún, ẹ da ọ́ìlì yìí nù, kí ẹ bu tuntun sí i. Rìǹgì tuntun àti ara àtijọ́ ò tíì mọwọ́ ara wọn. Ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lánàá, ṣé òun lẹ máa ní kó gúnyán fún gbogbo ẹbí lónìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á sétí àwọn. Mo kà á.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé lọ́rì náà lọ kó òkúta wẹ́wẹ́. Mo ń fi ìpìlẹ̀ ilé mi lélẹ̀ ní Ìkòyí ìtòsí wa níbí nígbà náà, àwọn bíríkìlà sì ń dúró dè mí. Bàbá wa ti kọ́ àwa méjèèjì ní ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí n lọ, kí n máa gbé àbọ̀ àbọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè pa á. Mo kó òkúta kún un dẹ́nu. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ooru àti irin tó ń fara gbo irin.

Lórí òkè kan, ọwọ́ mítà tó ń wọn gbígbóná ẹ́ńjìnnì sún dé ibi pupa. Mo dúró. Mo bomi sí i. Mo dúró dè é títí ó fi tutù, mo sì tún gbé e lọ. Nítorí náà, n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé, mo ti fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà mọ́. Wọ́n bi mí pé, "Kí ni Bàbá Jídé wí?" Bébà tí mo kọ ọ́ sí wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Bí mo bá sọ pé àbọ̀ ẹrù ni, wọ́n máa bi mí bóyá mo ti fi gbé nǹkan, torí wọ́n mọ̀ pé mò ń kọ́lé. Ojú tì mí. Mo ní, "Wọ́n ní kò sí wàhálà. Ẹ máa gbé e lọ."

Lọ́jọ́ kẹrin sí ìgbà yẹn, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kún fọ́fọ́, ẹ́ńjìnnì náà nọ́ọ̀kì ní Wásinmi. Irin inú rẹ̀ fọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà létí títì, tó ń pọ́n, tó sì ń rà lójú wọn. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ń pariwo sí wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dòdò lẹ fẹ́ dín síbẹ̀ yẹn ni?" Nígbẹ̀yìn, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni wọ́n ta lọ́rì bàbá wa fún.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, wọ́n ní kádàrá ni. Èmi ni mo ní kì í ṣe kádàrá, mẹkáníìkì ni. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Ojú ewé mẹ́ta ni, mo tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà, mo pín in sí ìsọ̀rí méje. Ìsọ̀rí kẹrin ni pé Bàbá Jídé kò ṣe àlàyé kankan fún wa nípa bí a ó ṣe lo ọkọ̀ náà. Mo kọ ọ́ dáadáa débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ẹgbẹ́ pè wá. Bàbá Jídé ní, "Mo sọ fún tíṣà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi." Alága yíjú sí mi. Mo ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi, sà."

Nínú ẹgbẹ́ náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti di "mo sọ", "o ò sọ", irin ni wọ́n máa ń fẹnu kàn láti fi Ògún búra. Wọ́n gbé sípánà kan kalẹ̀ níwájú wa. Àgbà ìjọ ni Bàbá Jídé nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n wo sípánà náà pẹ́. Wọ́n ní, "Ìjọ máa bi mí léèrè èyí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ." Wọ́n gbé e, wọ́n fi ahọ́n kàn án.

Ó wá ku èmi. Mo ní, "Mùsùlùmí ni mí. Ẹ̀sìn mi kò gbà mí láyè."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ foríjì mí. Lóòótọ́ ni ẹ̀sìn wa kò gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run ni mo bẹ̀rù lọ́jọ́ náà. Irin ni. Kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá fún mi. Alága kàn ní tíṣà tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó síbí kó máa pa irọ́. Títí di òní ni mo ń bínú sí ọkùnrin náà pé ó gbà mí gbọ́.

Ẹgbẹ́ ní kí Bàbá Jídé má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì fún ọdún kan. Nígbà tí ọdún pé, kò sí oníbàárà tó padà wá. Ìjọ ní kí wọ́n kúrò lórí ìjókòó àwọn àgbà, nítorí irin tí wọ́n fẹnu kàn. Táyà ni wọ́n ń lẹ̀ báyìí létí títì, wọ́n sì ń fa afẹ́fẹ́ sí kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ sílé-ìwé. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ohun tí wọ́n máa ń wí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọmọ ni wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Báyìí, "ẹ" ni wọ́n ń pè mí, bí àjèjì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ wo lọ́rì ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n tan án kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ara ẹ́ńjìnnì náà le. Àtúnṣe ló yẹ ẹ́. Ní gbogbo Àpòmù dé Ìkirè, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí mo lè fi ẹ̀rí ọkàn mi jẹ́rìí sí. Bí mo bá sì ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n máa bi mí pé ọwọ́ ta ni. Bí mo bá ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, mo tún ti parọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí èyí náà bá kú sí títì, n kò rò pé wọ́n á tún ní ọkọ̀ láyé wọn.

Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Ó ní kí n ṣáà ní kí wọ́n tún un ṣe, kí n pa ìyókù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé ṣe? Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún? Ṣé Bàbá Jídé ni, àbí ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé kí n pe àwọn méjèèjì jọ, kí n sọ ọ́ lójú ara wọn?

Ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run aláàánú ni. Mo mọ̀. Bọ̀dá Múfú ni n kò mọ̀ bóyá wọ́n á lè ṣàánú mi. Ọjọ́rú nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.