Bí Mo Ṣe Sọ Orin Iok-hun Di Orin Japan

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò ní Taipei, ọmọkùnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó jókòó tì mí yìí ní kí n wá sọ ìtàn orin tó gbòde. Ìtàn aládùn ló ń retí. Kò ní rí i gbà lẹ́nu mi. Irọ́ tí mo pa ti dàgbà, ó ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jó kiri. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ̀mí irọ́ náà kí n tó kú.

Gbogbo yín lẹ mọ orin náà. Wọ́n kọ ọ́ ní Hong Kong, wọ́n fi ìlù kún un. Wọ́n kọ ọ́ ní Singapore, ó di orin ìgbéyàwó. Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ onírun pupa kan tún kọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Lára gbogbo àwo wọn, níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ wà, "orin Japan" ló wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Khoo Iok-hun ló ṣẹ̀dá rẹ̀, agbowó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ní Sanchong lẹ́bàá Taipei níbí, tó máa ń fun fèrè fún awakọ̀ rẹ̀ bó bá ń fẹ̀yìn rìn.

Èmi ni mo ń ta gìtá nílé iṣẹ́ àwo orin Ọ̀gá Tsua. Nígbà ìsinmi ọ̀sán ló kọrin náà sí mi létí, ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Bing, ṣé ó dáa, àbí kí n gbé e mì pẹ̀lú ìrẹsì yìí?" Ó dáa. Ó dáa ju gbogbo ohun tí mo ti ń wá lórí okùn gìtá láti ìgbà èwe mi, ìlara sì mú mi bí inú rírun. Láyé ìgbà náà, èyí tó pọ̀ jù nínú orin tí à ń tà, ti Japan ni. Ọ̀rọ̀ èdè wa nìkan la máa ń fi sí i. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ni ín. Nígbà tí a gbà á sílẹ̀ tán, tí òǹtẹ̀wé bi mí ohun tí òun máa kọ sára àwo, mo ní, "Kọ orin Japan síbẹ̀." Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi ẹni ibi.

Orin náà gbóná. Iok-hun dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ńkọ́?"

Ọ̀gá Tsua ló dáhùn. "Orúkọ wo? Agbowó ọkọ̀ fẹ́ di olórin! Ṣé bọ́ọ̀sì ló bí orin fún ẹ ni?"

"Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Bing. Ojú wọn ló ṣe."

Wọ́n wò mí. Mo ní mi ò rántí. Iok-hun ní tí wọn ò bá kọ orúkọ òun sí i, òun máa lọ bá àwọn akọ̀ròyìn. Bó ṣe jáde, Ọ̀gá Tsua di apá mi mú: "Wá orin Japan yẹn jáde. Tí kò bá sí, ṣe é."

Mo ṣe é. Iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bàbá kan tó ń tún aago ṣe, tó kàwé nígbà tí àwọn ará Japan ń jọba lé wa lórí, ló bá mi wá ọ̀rọ̀ sí orin náà ní èdè wọn, òun náà ló fi ohùn kọ ọ́. Mo ní kó kọrin náà sínú ìkòkò irin kí ohùn rẹ̀ lè dún bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Nígbà tí àwo jáde, mo fi iyanrìn kíkúnná àti eérú ha á lára títí tó fi ń ta pàràpàrà. Mo rẹ bébà àárín rẹ̀ sínú tíì, mo sá a sóòrùn kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bàbá náà wò ó, ó ní, "Bing, èyí mà dàgbà jù mí lọ!"

A pe Iok-hun, a pe àwọn akọ̀ròyìn, mo gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ. Ó gbọ́ orin ara rẹ̀ lẹ́nu àjèjì. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú rẹ̀. Mi ò pè é lólè o; ohun tí mo ṣe burú ju ìyẹn lọ. Mo rọra sọ fún un pé, "Àbúrò, bóyá ẹnu ìyá ẹ lo ti gbọ́ ọ ní kékeré." Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ fẹ́ràn orin Japan. Mo mọ̀ pé ó ti kú, kò lè jiyàn. Iok-hun ní, "Bóyá ni." Ó tẹríba fún gbogbo wa, ó tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà kò ṣẹ̀dá orin mọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ á ní, "Olè orin, gba owó ẹ," títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá mo gbé àwo náà lọ bá a. Ó ti di arúgbó bí èmi náà.

"Kí lo tún wá jí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbà mí gbọ́. "Purọ́ lọ! Ikú ń kan ilẹ̀kùn ẹ, o wá fẹ́ fi orin ṣe sàárà fún mi."

Mo ní, "Àwo ayé àwọn ará Japan máa ń fọ́ bíi tánganran. Rọ́bà ni mo fi ṣe èyí. Tó bá jẹ́ ojúlówó, á fọ́. Ṣẹ́ ẹ."

Ó gbé e lé orúnkún, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ó ká. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ká. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá mi," ló wí. "Mo gbà pé orin ẹnu wọn ni mo jí. Láti ọjọ́ yẹn, ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ gbálẹ̀ sàréè wọn lọ́dọọdún mọ́."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde níwájú mi. Mi ò dárí jì ẹ́. Lọ sọ ọ́ níbi tí etí pọ̀ sí."

Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tún orin yìí kọ, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ ò lẹ́nu ẹ̀bẹ̀. Ẹ pa "orin Japan" rẹ́, kí ẹ kọ Khoo Iok-hun síbẹ̀. Bí ìlara ẹlòmíì bá sì ń mú yín bí inú rírun, ẹ jẹ́ kó pa yín kó tó ràn dé ọwọ́ yín. Ẹ má sì lọ wá a nílé, ẹ ò ní bá a. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń bọ̀ níbí, mo rí i tó gbé ìgbálẹ̀ àti dòjé, ó ń gun òkè ibi ìsìnkú lọ. Ó rí mi. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá.