Káàdì Tí Mo Gbà Gbọ́ Ju Ẹnu Aláìsàn Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí tó fi kú. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ obìnrin tí mo ṣẹ̀ tún gbé iṣu wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Lọ́ọ̀rì tó kó kòkó ló dojú dé lọ́nà Ìkéré. Dírẹ́bà sá lọ. Wọ́n gbé obìnrin méjì tó wà nínú rẹ̀ wá sí ọsibítù wa, àwọn méjèèjì ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà náà, àwọn obìnrin wa a máa so káàdì ìjọ mọ́ etí ìró, ibẹ̀ la fi ń mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Òfin wa ni pé ká so aṣọ oníkálukú mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ń kánjú, mo da aṣọ wọn pọ̀ sójú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ti gba gbogbo ilẹ̀.

Káàdì kan ṣoṣo ni mo rí: Dọ́káàsì, ará Ìsẹ̀. Mo ní àgbà inú wọn ni yóò ni ín. Mo kọ Dọ́káàsì sí bébà, mo so ó mọ́ ìyá náà lọ́wọ́, mo sì ránṣẹ́ sí Ìsẹ̀.

Lọ́sàn-án, ìyá lajú, mo sì pè é ní Dọ́káàsì. Ó ní, “Èmi kọ́ ni Dọ́káàsì. Èmùré ni ulé mi. Ẹ bá mi pe Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi kó tètè wá.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ sinmi jàre.”

Mo rò pé ọgbẹ́ orí ló ń mú un sọ̀sọkúsọ. Àwa tá a kàwé nígbà náà, ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ la gbà gbọ́. Ó pe ọmọ yẹn títí, mi ò rán ẹnikẹ́ni.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pẹ́ sí i, àwọn ará Ìsẹ̀ dé, wọ́n ní obìnrin kejì, èyí tó kéré, ni Dọ́káàsì àwọn. Háà, ojú tì mí! Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí Èmùré. Fúnmiláyọ̀ dé, ó bi mí bóyá ìyá rẹ̀ sọ ohunkóhun. Mo ní kò lajú rárá.

Irọ́ yẹn tù ú nínú. Títí dòní ló ń sọ pé, “Ọpẹ́ ni pé màámi ò pè mí. Ká ní wọ́n pè mí tí mi ò jẹ́, ọkàn mi kì bá tí balẹ̀ láéláé.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ pè é, èmi ni mi ò jẹ́ kó gbọ́?